Àmì Orí Ọkọ́

Olùwádìí ìjọba tẹ fóònù rẹ̀ níwájú àwọn àgbẹ̀ obìnrin ní Òkè-Òyì. Ohùn ẹ̀rọ inú rẹ̀ ka ìbéèrè tó tẹ̀ sí i jáde ketekete: "Ṣé ẹ̀rọ tuntun ti gba ọkọ lọ́wọ́ yín?"

Ẹ̀rín sọ.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó wá gba tèmi!" Hidayat, ọ̀kan lára wọn, pariwo.

Ojú ti ọkùnrin náà. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ló ní lọ́kàn, àmọ́ kò fi àmì sí i lórí nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Kó tó ṣàlàyé, ìyá àgbàlagbà kan dìde lẹ́yìn.

"Ó gba tèmi. Katakata ló tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ìjọba ò bi mí rí, àfi òní."

Ẹ̀rín dá.

"Ẹ jẹ́ kó tún bèèrè, kí n gbọ́," ìyá náà wí.

Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́. Kò lè gbójú sókè.