Kànga tí Bartholomew Dí

Ẹni tó fẹ́ràn ojú ayé ni Bartholomew. Ohun tí àlejò máa rí ló ń dùn mọ́ ọn, kì í ro ti ọ̀la. Òun ni alága ẹ́sítéètì kékeré kan ní Ìkòsì, níbi tí òun àti Joanna ìyàwó rẹ̀ ti fi gbogbo agbára wọn kọ́ ilé kan ṣoṣo.

Kànga àtijọ́ kan tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn wà láàárín ẹ́sítéètì náà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tó ń fi iná fa omi ní ọdún 2004, Bartholomew ní kí wọ́n da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sínú ti àtijọ́, kí wọ́n sì to intalọ́ọ̀kì lé e lórí, kí mọ́tò lè ríbi dúró.

Ìyá àgbà kan, Mummy Ọláìyá, bẹ̀ ẹ́. "Chairman, ẹ kàn fi nǹkan dé e, ẹ má dí i. Tí ọ̀dá bá dá ńkọ́?"

"Mummy, borehole ti wà. Ṣé abúlé la wà ni? Ẹ fọkàn balẹ̀, ma."

Ní ọdún kejì, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Omi abẹ́ ilẹ̀ sá wálẹ̀, iná ò sì sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, jẹnẹrétọ̀ tí Bartholomew gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìn rẹ̀ ti ń fún ẹ̀rọ kànga ní iná láti àárọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ náà ń fà. Epo tán. Bartholomew ò jẹ́ kó tutù tó fi rọ òmíràn sí i. Ó gbiná, iná náà ran kíṣìn, ó gun òrùlé.

Àwọn aládùúgbò gbé ike, wọ́n sáré. Ibi tí kànga wà tẹ́lẹ̀ ni ẹsẹ̀ gbé gbogbo wọn lọ. Wọ́n dúró lórí intalọ́ọ̀kì, wọ́n ń wo ara wọn.

Joanna figbe ta. "Daddy, omi dà?"

Bartholomew ò sunkún. Gbogbo ara rẹ̀ kú, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ó ń wo ilé rẹ̀ bí ẹni ń wo ilé onílé, títí òrùlé fi wó.

Mummy Ọláìyá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, ma," ló wí, bí ìgbà tí wọ́n kí i lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Ilé, àdúgbò tàbí orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ la ọ̀dá já kò gbọdọ̀ gbójú lé orísun omi kan ṣoṣo. Kó tọ́jú èyí tó bá nílẹ̀, kó sì fi tuntun kún un nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Bartholomew ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ ní àdúgbò Anthony ló ń gbé.