Ògbufọ̀ Tí Wọ́n Yọ

Obìnrin tó kọ ètò kọ̀ǹpútà náà ń ti ife rẹ̀ bọ àpò nígbà tí ọ̀gá já wọlé.

"Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Oníbàárà gbé ẹ̀yà tuntun sínú ètò wa, ètò ò gbọ́ èdè ẹ̀."

"Mo ní ká fi ògbufọ̀, ìyẹn apá tó ń túmọ̀ èdè fún kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ nínú ẹ̀, sà, torí àwọn ẹ̀yà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ ní a ti túmọ̀ gbogbo ẹ̀ ṣáájú, pé ògbufọ̀ kàn ń jẹ́ kó wúwo ni."

"Jọ̀ọ́, bá mi dá a padà."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó jókòó, ó tẹ orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

"Wọ́n ti yọ èmi náà láàárọ̀, sà." Ó gbé àpò rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní kí ilé iṣẹ́ fúyẹ́."