Ta Ni Nùsírátù Ń Hun Àwọ̀n Fún?

Ẹ gbà mí o, ìyàwó mi ń hun àwọ̀n fún ọkùnrin mìíràn.

Bíríkìlà ni mí, níbi ilé Jákàńdè tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. N kò mọ ẹja pa.

Ṣùgbọ́n Mùnírù aládùúgbò wa ní Ìkátẹ̀, apẹja ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kí ìyàwó mi lójúmọ́!

Lọ́dún tó kọjá, bí mo bá pẹ́ dé, Nùsírátù á dáná sun aṣọ mi. Lẹ́yìn náà, á dì mọ́ mi, á ní kí n má fi òun sílẹ̀.

Láti Iléyá, kò bá mi jà mọ́.

Mo tún pẹ́ dé lónìí. Àwọ̀n ló gbájú mọ́.

Mo bi í pé, "Nùsírá, ṣé Mùnírù lò ń hun ún fún?"

Ó ta kókó kan, ó fà á le, kó tó gbójú sókè.

"Bàbá Fàúsá, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọkàn mi láti Iléyá ló ní kí n máa ṣe é. Nígbàkígbà tí ẹ̀rù bá bà mí pé ẹ fẹ́ kọ̀ mí, kí n kọ́kọ́ ta kókó kan, kí n tó lanu."

Mo tẹ́ àwọ̀n náà sílẹ̀.

Ó bo bẹ́ẹ̀dì, ó bo ilẹ̀, ó gùn dé ẹnu ọ̀nà.

Mo jókòó ti Nùsírátù.

"Kọ́ èmi náà."