Àmì Ẹnu Ọ̀nà

Láti ọjọ́ tí àwọn olè ti ya wọ abà wọn ni Ìbídùnní àti ọkọ rẹ̀, Jòsáyà, ti fi ẹsẹ Sáàmù ṣe àmì. Bí ọkọ bá ti oko dé, ìyàwó á pe ìdajì, ọkọ á parí rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí.

Lálẹ́ ọjọ́ yìí, àdá ni wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Gbà! Èérún pákó fò lu Ìbídùnní lójú, ẹ̀jẹ̀ ṣàn.

Ó figbe ta. "Olúwa ni ìmọ́lẹ̀ mi àti ìgbàlà mi!"

"Ta ni èmi ó bẹ̀rù?"

Ohùn Jòsáyà gan-an ni. Ṣùgbọ́n bó ti ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni àdá ń ṣá ilẹ̀kùn lọ. Ìbídùnní wólẹ̀, ó ké.

"Má jìnnà sí mi, Olúwa mi!"

Èyí kì í ṣe àmì mọ́. Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀.

Àdá dákẹ́. Nǹkan kan wọ́ ara rẹ̀ lọ sínú igbó.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ẹnìkan rọra kan ilẹ̀kùn, ohùn Jòsáyà sì tún pe ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Ṣínà, èmi ni o. Ta ló ṣá ilẹ̀kùn wa báyìí?"

Ìbídùnní gbé ọwọ́ lé ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ pe ẹsẹ náà, ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, ohùn náà ti dáhùn.

"Ta ni èmi ó bẹ̀rù?"