Omi Tí Kò Tíì Tutù

Ààrò igi kan ṣoṣo ni òfin gbà fún ilé alájà mẹ́ta wa, omi tó bá sì ti gbóná níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á nù títí yóò fi tutù. Ará òkè á kọ́kọ́ wẹ̀, ẹ̀rọ á sẹ́ omi rẹ̀, omi náà á sì gba páìpù sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwa ará ìsàlẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, màmá mi fẹ́ wẹ ọmọ mi ọlọ́jọ́ mẹ́jọ. Omi dé, ó ń yọ̀ bí ilá, irun funfun sì léfòó nínú rẹ̀.

"Irun àyà Bàbá Adégúnwà ti òkè rèé!" Màmá gbé báàfù, ó fẹ́ dà á nù.

Fátúnńbí, alábòójútó ooru ìjọba tó wá yẹ ààrò wò, figbe ta. "Mọ́mì, ẹ má dà á! Wọ́n á gba ààrò lọ́wọ́ yín. Omi yìí mọ́."

"Ó mọ́, àbí?" Màmá bu ife kan fún un. "Ọkọ mi, fi fọ ẹnu."

Ó gbé e dé ètè. Irun kan lẹ̀ mọ́ etí ife. Ó da omi ife náà sí gọ́tà, ó sì da ti báàfù lé e.

"Ó ti tutù," ló kọ sínú ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru ṣì ń rú ní gọ́tà.