Gúáfà Tí Ó Gbé Lọ fún Àyẹ̀wò Kọ́ Ni Ìyá Rẹ̀ Jẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fẹnu kan èso lónìí.

1. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́gbà. Oko gúáfà rẹ̀ tóbi, oògùn apakòkòrò tí ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má lò mọ́ ló sì ń fín sí i. Ó mọ̀ pé májèlé ni o. Igi kan ṣoṣo wà lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀ tí kì í fín nǹkan kan sí. Ìyẹn ni ìyá rẹ̀ àtàwọn ará ilé rẹ̀ ń jẹ. Tiwa ló ń fín oògùn sí.

2. Àwọn oníbàárà ńlá dé, wọ́n ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò kí àwọn tó rà á. Ọlọ́gbà bá ká gbogbo èso igi ẹ̀yìn ilé ìdáná pátá, ó gbé e lọ.

Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò gé e tèèpo-tèèpo, ó lọ̀ ọ́, ó da omi kan tó máa ń fa oògùn jáde lára èso sí i, ó sẹ́ ẹ, ó kán díẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Bí oògùn bá wà níbẹ̀, ìlà inú ẹ̀rọ á yọ gọngọ sókè. Ìlà yìí tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Bàbá, oko yín mọ́," obìnrin náà wí, ó sì kọ ìwé àyẹ̀wò fún un.

"Ṣé ẹ rò pé èmi lè fún èèyàn ní májèlé jẹ ni?" Ọlọ́gbà ń rẹ́rìn-ín.

3. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé ìdí igi, kò bá ẹyọ kan. Ó bá gba inú oko lọ, ó já gúáfà níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in láàárọ̀ ọjọ́ náà ni.

Ilẹ̀ ni ìyàwó Ọlọ́gbà ti bá a. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, tòun ti gúáfà tó bù jẹ kù.

Dókítà ní, "Gúáfà tí wọ́n jẹ yìí, oògùn wo lẹ fín sí i? Ẹ dárúkọ rẹ̀, kí n mọ èyí tí màá fi tọ́jú wọn."

Ọlọ́gbà na ìwé àyẹ̀wò sí i. "Gúáfà tèmi mọ́, dókítà. Ẹ wá ohun tó ń ṣe wọ́n síbòmíì."

Ìyàwó fà á láṣọ. "Bàbá àwọn ọmọ, màmá ń kú lọ. Ẹ sọ̀rọ̀."

"Pa ẹnu ẹ mọ́. Ṣé o fẹ́ kí oníbàárà sá ni?"

Ẹ̀yin èèyàn, ìyá tó bí i lọ́mọ ló ń pọ̀kàkà ikú, oníbàárà ló ń rò. Dókítà gba ìwé gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọkàn wò, wọ́n ń yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò.

4. Ìyàwó ò gbà. Ó mú gúáfà tí màmá bù jẹ kù, ó di ilé àyẹ̀wò. Lọ́tẹ̀ yìí ìlà yọ gọngọ. Obìnrin ọjọ́sí pe ọsibítù, ó dárúkọ májèlé náà fún wọn. Abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí màmá dákẹ́.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń mú Ọlọ́gbà lọ, ohun kan ṣoṣo ló ń tún sọ: "Mo rò pé ara màmá á gbé e."

Ẹ̀yin tó ń ṣa èyí tó dáa fún ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ wá ń ta èyí tó ń pani fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ ṣọ́ra yín. Ẹ̀rọ ò lè rí ohun tẹ́ ẹ ò gbé wá. Bí dókítà bá sì bi yín léèrè, ẹ sọ òótọ́, ojú ì báà tì yín. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Ẹni tirẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá.