Ọ̀rẹ́ Oòrùn Mọ Ọjọ́ Tí Ilẹ̀ Máa Mì

Báwo ni ọkọ Ìyá Ọmọ ṣe mọ ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mì? Àwọn ará àdúgbò ti bi í, àwọn oníròyìn ti bi í, òun náà sì máa ń bi ara rẹ̀ níbi tó bá ti ń fọ aṣọ ọmọ.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ òkè oníná tó wà lẹ́yìn ìlú ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí ẹ̀rọ kan ló ń jókòó sí, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n nígbàkígbà tí ìjì bá ti ara oòrùn wá. Ó gbà pé bí ìjì oòrùn bá ti lè lágbára, kò ní pẹ́ tí ilẹ̀ fi máa mì. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì dá òun lójú. Àdúgbò ní tiwọn sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́ Oòrùn. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì a máa nahùn pè é láàárọ̀:

"Ọ̀rẹ́ Oòrùn, ṣé kí n sá aṣọ mi, àbí ọ̀rẹ́ yín ń bínú lónìí?"

Ọkùnrin náà a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ wọn, tí kò tíì lè dá jókòó, ń wúkọ́. Ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Abẹ́rẹ́ yẹn ò jókòó jẹ́jẹ́," ó ní. "Lọ́la ilẹ̀ máa mì. Gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ láàárọ̀. Má padà àfi tí mo bá pè ọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ta ló máa ṣọ́ ẹ̀rọ?"

"Kí ẹ̀rọ ṣọ́ ara ẹ̀."

"Ìyá Ọmọ, má bá mi ṣeré."

Ó ní kó má sọ fún obìnrin yàrá kejì, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ò tíì fọwọ́ sí i, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó tún ní bí ìjì oòrùn bá dé, fóònù òun lè má lọ, kó má fòyà. Òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù ọmọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà.

Ní gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí ọ̀gá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń bó ọsàn jẹ. Ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí ọkọ mi bá wa lọ. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn."

"Kí n kìlọ̀ kí ni fún wọn?"

"Ìjì oòrùn tó ń bọ̀ sà."

Ọ̀gá náà tu kóró ọsàn sọ́wọ́. "Ìyàwó wa, ó pẹ́ tí oòrùn ti ṣe jẹ́jẹ́ báyìí gbẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ ń sùn. Dìde, lọ sinmi. Wo bí ojú ẹ ṣe rí."

Ó dìde. Ó ń wo ẹnu tó lè máa jẹ ọsàn lọ́jọ́ báyìí, ó sì bú u nínú ọkàn rẹ̀. Kàkà kó wọ bọ́ọ̀sì, ilé ló sáré padà sí.

Ilẹ̀kùn wà ní títì láti inú. Ọkọ rẹ̀ ṣí i díẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wẹ̀, ó ti fárùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ òde. Lójú ìyàwó rẹ̀, ó jọ ẹni tó ti múra láti dágbére fáyé.

"Bí nǹkan bá ṣe yín, kí ni mo máa sọ fún ọmọ yìí?"

"Sọ fún un pé ẹnu iṣẹ́ ni mo wà." Ojú rẹ̀ ń lọ sí títì lẹ́yìn obìnrin náà, bí ẹni pé ó ti ń gbọ́ ohun tó ń bọ̀. "Jọ̀ọ́, máa lọ kó tó pẹ́ jù."

Ó sunkún wọ bọ́ọ̀sì. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀. Fóònù ò lọ. Ó tún pè. Kò lọ.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá oníbàárà mi ní ìlú yín sọ̀rọ̀ tán ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ó lọ geere."

"Ìjì oòrùn ni, Àǹtí mi."

"Oòrùn wo? Èyí tó mọ nọ́ńbà ọkọ ẹ nìkan?"

Ó pọn ọmọ, ó ní òun ń padà lọ fa ọkọ òun jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrùn ni òun máa fi fà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọ̀já mú. Wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọmọ ń ké, nígbà tí àwọn ife orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Lọ́hùn-ún, ọ̀wọ́ ilé tiwọn wó lu ara wọn. Kó tó rí ọ̀nà padà, wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní inú ilé ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe nídìí ẹ̀rọ. Ó rò pé bóyá ó sáré wá mú nǹkan ni. Obìnrin yàrá kejì, tí kò sí nílé lásìkò náà, wá kí i, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ọ̀gá náà wá, ojú rẹ̀ pọ́n. "Abẹ́rẹ́ ò sọ nǹkan kan fún mi. Kí ló rí tí èmi ò rí?"

Ó yí ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ilé iṣẹ́ náà kọ́, wọ́n fi orúkọ ọkọ rẹ̀ sọ yàrá ẹ̀rọ. Ó gbé ọmọ dání lọ wo orúkọ náà lára ògiri, ó sì sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ka ara oòrùn, ó lé àwọn jáde nínú ikú, òun sì dúró ti iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà ti ń dá lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀kan lára àwọn tó wú àwókù ilé Ọ̀rẹ́ Oòrùn sọ fún ìyá rẹ̀, láìmọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀, pé àánú wọn ṣì ń ṣe òun, torí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wú jáde lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n dì mọ́ ara wọn.